Ìgbà Tí Onífìlà Ṣí Fìlà Rẹ̀

Òórùn èèpo ọsàn ló kún yàrá ìjókòó wa ní Sùúrùlérè ní ọ̀sán ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi jọ wà pọ̀ kẹ́yìn. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó gbé abọ́ lé itan, ó ń bó ọsàn bí ó ti máa ń bó o láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n: èèpo kan ṣoṣo, gígùn, tí kì í já títí ọ̀bẹ á fi dé ìdí. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n èèpo náà kò já. Fóònù rẹ̀ dún. Aránṣọ kan tó gbé yàrá ẹ̀yìn ilé wa ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ló pè, tí òun náà ti di ìyá àgbà ní Múṣín báyìí. Àwọn ará àdúgbò àtijọ́ ló ń jiyàn lórí fóònù wọn láti àárọ̀, wọ́n ń rántí fíìmù àwọn ọlọ́pàá ojú omi tí a jọ máa ń wò lórí tẹlifíṣàn láyé ọjọ́un.

“Àǹtí Kóòtù!” Ohùn rẹ̀ ń jáde láti inú fóònù bí ẹni tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Ẹ wá bá wa dá ẹjọ́ yìí o. Ṣé Wọ̀bìà kú ni àbí kò kú? Àwọn ará òdìkejì títì ní ó kú. Mo ní irọ́ ni! Àwa tí a wò ó ní fèrèsé yín, a mọ̀ pé ìlú òkèèrè ni wọ́n gbé e lọ.”

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ sínú abọ́. Lẹ́yìn náà ni ó mú ọ̀bẹ náà padà.

“Ó kú,” ni ó wí. “Èmi ni mo parọ́ fún yín. Ẹ foríjì mí.”

“Háà! Àǹtí Kóòtù! Láti ìgbà yẹn?”

“Láti ìgbà yẹn.”

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó gé ọsàn náà sí méjì, ó mu ìdajì, ó na ìdajì sí mi. Mo ní n óò mu ún tó bá yá. Ó ní òun fẹ́ lọ na ẹ̀yìn díẹ̀. Nígbà tí mo gbé omi wọlé fún un ní nǹkan bí aago mẹ́rin, ó ti kú. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, n kò kọ ọ́ pé ó sùn tàbí pé ó relé, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni òun ì bá fẹ́ kí n kọ ọ́. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Bí ẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ óò rántí tẹlifíṣàn ìgbà náà. Ó dàbí kọ́bọ́ọ̀dù kékeré, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ilẹ̀kùn pákó méjì tí a máa ń tì bí a bá wò ó tán. Dúdú àti funfun ni àwòrán rẹ̀. Bí a bá tàn án, ohùn ni yóò kọ́kọ́ dé, àwòrán yóò sì máa tẹ̀ lé e bọ̀ bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Bí a bá pa á, gbogbo rẹ̀ yóò sún kì di ẹyọ ìmọ́lẹ̀ funfun kan ní àárín gíláàsì, yóò máa kéré, yóò máa kéré, títí ojú kò fi ní rí i mọ́. Ìyàwó mi ti fi òwú hun ìborí funfun kan lé e lórí. Bí ẹ̀rọ náà bá ti gbóná, òórùn eruku àti ti òwú yóò gba inú yàrá. Àwa ayálégbé mẹ́jọ la wà nínú ilé náà, èmi tíṣà nìkan ni mo ní tẹlifíṣàn, mo sì fi í yangàn ju bó ti yẹ lọ.

Fíìmù tí mò ń wí yìí máa ń dé ní aago méje ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Òyìnbó méjì, ọlọ́pàá ojú omi, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ tó yára bí ẹ̀fúùfù lé àwọn onífàyàwọ́ kiri. Àgbà inú wọn kì í ṣí fìlà. Bí ó bá ń jà, fìlà wà lórí. Bí wọ́n bá tì í sínú omi, fìlà á bá a jáde. Ìkejì rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í yé jẹun. Á ti wọ ilé ọ̀tá, ìbọn á ti máa dún, yóò ṣì mú itan adìyẹ lórí tábìlì wọn. Ìyá mi ló sọ wọ́n lórúkọ, Onífìlà àti Wọ̀bìà, orúkọ náà sì mọ́ gbogbo àdúgbò lẹ́nu débi pé n kò rántí orúkọ wọn gan-an mọ́.

Ìyá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ó ti wá bá wa nígbà tí a bí àkọ́bí wa, tí ó sì dúró. Bíbélì Yorùbá nìkan ni ó ń kà, ó sì ń kà á dáadáa. Ìyàwó mi ni ó ń túmọ̀ fíìmù fún un, iṣẹ́ rẹ̀ náà sì nìyẹn: ògbufọ̀ ni ó ń ṣe ní kóòtù kan ní Yábàá, ìyẹn ni àwọn ará ilé fi ń pè é ní Àǹtí Kóòtù. Bí ẹlẹ́rìí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí adájọ́ kò sì gbọ́ Yorùbá, òun ni yóò dúró láàárín wọn, yóò gba ọ̀rọ̀ ní ẹnu èyí, yóò fi lé èkejì lọ́wọ́. Ó ti búra lé e. Ó máa ń sọ pé, “Tíṣà, ògbufọ̀ kì í fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀, kì í sì í yọ iyọ̀ kúrò. Bí ẹlẹ́rìí bá bú adájọ́, mo gbọ́dọ̀ bú adájọ́.”

Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀, nílé, iyọ̀ ló ń dà sí i. Àwọn ará ilé á ti gbé àpótí ìjókòó wọn wá sí abẹ́ fèrèsé. Aránṣọ á fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ tòun ti aṣọ tí kò tíì rán tán, ọkọ rẹ̀ á ti ibi iṣẹ́ ní Ìlúpéjú dé pẹ̀lú òórùn ọ̀dà lára. Ìyàwó mi á mú kí àwọn onífàyàwọ́ òyìnbó máa sọ̀rọ̀ bí ọmọ Múṣín.

“Ó ní òun á fi Onífìlà bọ́ ẹja lónìí.”

“Irọ́ ló ń pa!” ni ìyá mi á dáhùn. “Sọ fún un pé baba tó bí i ò tó bẹ́ẹ̀.”

“Màámi, kò lè gbọ́ ohùn mi.”

“Ìwọ ṣáà sọ fún un. Ṣebí iṣẹ́ rẹ ni.”

Gbogbo fèrèsé á bú sẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn tí mo bá rántí ayé wa nígbà náà, ẹ̀rín yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́. Ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé mo lè gbọ́ ọ láìgbọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ nìyí. Mo ní àbúrò ọkùnrin kan ṣoṣo. Ó wọ iṣẹ́ ológun, ó lọ sí ogun abẹ́lé, ogun parí, kò dé. Ìyá mi kò sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé kì í ṣe nítorí ọmọ wa nìkan ni ó ṣe jókòó sí Èkó. Ó gbà pé ibikíbi tí ìjọba bá rán ológun lọ, Èkó ni yóò gbà kọjá bí ó bá ń bọ̀. Àbúrò mi fẹ́ràn oúnjẹ láti kékeré; ìkòkò ọbẹ̀ kò rí ọwọ́ rẹ̀ sinmi. Nígbàkigbà tí Wọ̀bìà bá mú nǹkan jẹ, ìyá mi á fi ìgbọ̀nwọ́ kàn mí: “Wò ó! Àbúrò rẹ gẹ́lẹ́.” Agolo bisikíìtì ńlá kan wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ tó kún fún ẹran gbígbẹ. Bí ó bá ti pẹ́ díẹ̀, á pín in fún àwọn ará ilé, á ra òmíràn, á tún un sá, á tún agolo náà kún. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bi í pé ta ni ó ń fi í pamọ́ dè.

Lẹ́tà náà dé ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún kan. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, kò gùn. Àbúrò mi ti kú lójú ogun, ó sì ti pẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń ṣe é. A kì í la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ abiyamọ lórí. A ó kọ́kọ́ sọ pé ara ọmọ náà kò yá. Lẹ́yìn ìyẹn, pé ara náà le díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn àgbà á wá, wọn á jókòó, ìjókòó wọn á sì ti sọ ìdajì rẹ̀. Àánú ló bí àṣà yìí, n kò sì bú u. Mo ránṣẹ́ sí àbúrò bàbá mi nílé, ó ní kí n ṣì fi pamọ́, kí òun rí àyè wá. Kò rí àyè. Èmi náà kò ránṣẹ́ mọ́. Mo fi lẹ́tà náà sí abẹ́ ìborí òwú orí tẹlifíṣàn, níbi tí mo rò pé ọwọ́ ẹnìkan kò ní dé, a sì ń jókòó níwájú rẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, à ń rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó mi nìkan ni mo fi hàn. “Tíṣà, ìgbà wo lẹ máa sọ fún Màámi?” Ó bi mí ní oṣù kìn-ín-ní tí lẹ́tà náà dé, ó bi mí ní oṣù kẹta. Mo ní tó bá yá. Nígbà tó di oṣù kẹfà, kò bi mí mọ́, ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá ti gbé agolo yẹn jáde, mo máa ń rí i tí ó ń wò mí. Èmi ni àkọ́bí. Kò sí ẹlòmíràn tí iṣẹ́ náà kàn.

Ní oṣù kẹjọ tí lẹ́tà náà dé, mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, òórùn ọṣẹ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo gbójú sókè, mo rí ìborí òwú náà lórí okùn ìsáṣọ, ó ń mì nínú afẹ́fẹ́. Mo wọlé, mo wo orí tẹlifíṣàn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìyá mi jókòó, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó kí mi káàbọ̀ bí ó ti máa ń kí mi. Mo sọ fún ara mi pé ìyàwó mi ló fọ aṣọ náà kó tó lọ síbi iṣẹ́, pé òun ló mú lẹ́tà kúrò. Ohun tí èèyàn bá fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, kì í pẹ́ gbà á gbọ́. Ìyàwó mi pẹ́ ní kóòtù. Nígbà tí ó fi dé, àwọn èèyàn ti kún abẹ́ fèrèsé, tẹlifíṣàn sì ti ń gbóná. N kò rí i bi.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n yìnbọn fún Wọ̀bìà. Ó ṣubú sórí afárá pákó kan létí omi. Onífìlà sáré dé, ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ọwọ́ sókè, ó ṣí fìlà rẹ̀. A kò tíì rí orí ọkùnrin náà rí. Irun rẹ̀ ti ń pá láàárín.

“Kí ló ní?” ni ìyá mi bèèrè.

Ìyàwó mi yíjú sí mi. Mo wò ó. Mo mọ̀ pé kì í ṣe Wọ̀bìà ni ó ń rò.

“Ìyàwó, kí ni Onífìlà ní? Ṣé ó kú ni?”

“Rárá, Màámi. Kò kú. Wọ́n ní... wọ́n ní wọ́n á gbé e lọ sí ìlú òkèèrè, kó lọ gba ìtọ́jú.”

“Olúwa ṣeun!” ni aránṣọ kígbe láti ìta. “Àyà mi ti já.” Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Wọ́n dìde, wọ́n gbé àpótí wọn, wọ́n ń dá àpárá pé oúnjẹ ọsibítù kò ní tó Wọ̀bìà, wọ́n sì lọ. Bí iyàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Títí di òní, ìdajì àdúgbò kan ní Sùúrùlérè ló gbà pé ọkùnrin yẹn ṣì wà ní ìlú òkèèrè.

Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló pa tẹlifíṣàn. Kò ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó wọ yàrá, ó gbé Bíbélì rẹ̀ jáde, ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì kékeré, ó sì fa lẹ́tà mi yọ láàárín rẹ̀.

“Ìyàwó, iṣẹ́ rẹ ò tíì tán. Abẹ́ aṣọ tí mo fọ̀ láàárọ̀ ni mo ti rí èyí. Mo rí orúkọ ọmọ mi níbẹ̀. Ìyókù ni mi ò gbọ́.”

“Màámi,” ni mo wí, “ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná.”

“Mi ò bá ọ sọ̀rọ̀. Ògbufọ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.” Ó ti Bíbélì náà sún mọ́ ìyàwó mi. “Bí o ṣe ń ṣe é ní kóòtù ni kí o ṣe é. Má ṣe é bí ti fíìmù.”

Ìyàwó mi wò mí. Ó wò mí pẹ́. Gbogbo ohun tó yẹ kí n ṣe kò ju kí n na ọwọ́, kí n gba ìwé náà. Mo ń wo gíláàsì tẹlifíṣàn, níbi tí ẹyọ ìmọ́lẹ̀ yẹn ti ń kéré lọ. N kò na ọwọ́.

Nígbà náà ni ó dìde dúró, bí wọ́n ti ń dúró ní kóòtù. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé Bíbélì. Ó ka gbólóhùn kan ní Gẹ̀ẹ́sì, ó dúró, ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ó tún ka èkejì. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò wálẹ̀. “Ó dùn wá láti sọ fún yín pé àbúrò yín, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lókè yìí, kú lójú ogun. A kò rí ẹrù rẹ̀ kankan fi ránṣẹ́. Ẹ gba ìkẹ́dùn wa.” Kò fi iyọ̀ sí i, kò yọ iyọ̀ kúrò.

“Àbúrò ta ni?” ni ìyá mi bèèrè.

“Tíṣà ni wọ́n kọ ọ́ sí, Màámi.”

“Ìgbà wo ló dé?”

“Ìbẹ̀rẹ̀ òjò.”

Ìyá mi fi ìka ka oṣù. Ó kà á dé ìdí. Ó yíjú sí mi, kò sunkún. “Oṣù mẹ́jọ,” ni ó wí, “ni o ti ń wò mí tí mò ń sá ẹran de òkú.”

Ó dìde, ó kọ́kọ́ dúró níwájú ìyàwó mi, ó fi ọwọ́ kan orí rẹ̀, ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi.” Ó wọ yàrá lọ. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ igbe rẹ̀, gbogbo ilé sì gbọ́ ọ. Èmi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi ló wọlé tọ̀ ọ́.

Ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kí ìyá mi tó dá mi lóhùn ju ìkíni lọ. Ó forí jì mí nígbẹ̀yìn, ìyá ni. Kí ó tó padà sílé, mo gbọ́ tí ó bi ìyàwó mi nídìí ààrò pé, “Wọ̀bìà ńkọ́?”

“Ó kú, Màámi.”

“Mo mọ̀. Mo rí i nígbà tí Onífìlà ṣí fìlà. O rò pé fún ìyẹn ni mo ṣe nílò ògbufọ̀?”

Ìyàwó mi kò bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó mẹ́nu kàn án, bí a ti ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. “Iṣẹ́ yín ni mo bá yín ṣe lọ́jọ́ yẹn, Tíṣà. Ẹ má rán mi ní irú ẹ̀ mọ́.” A rìn díẹ̀ sí i. “Bó bá sì wá kan èmi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé mo rìnrìn àjò.” Mo ní kò ní kàn án. Ẹ rí i pé mo tún sá.

Nítorí náà, nígbà tí ó kú, tí àkọ́bí wa pè láti Kánádà, tí ó ń sunkún, tí ó ní, “Dádì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún Màmá Òtó o, ẹ ní Mọ́mì wà lọ́dọ̀ mi níbí,” mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń dáhùn pé ó dáa. Màmá Òtó ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì tí kò lọ. Ìdajì ọsàn tí mo ní n óò mu tó bá yá ṣì wà nínú fìríìjì, ó ti gbẹ. Àwọn tó wá kí mi ń ṣe gbogbo nǹkan fún mi: wọ́n ń gbé oúnjẹ síwájú mi, wọ́n ń gbé fóònù fún mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, kí wọ́n tó dé, mo wẹ̀, mo dé fìlà, mo ra búrẹ́dì bí ìyàwó mi ti máa ń rà á fún un, mo sì lọ sí Òtó. N kò dá ibẹ̀ lọ rí.

Màmá Òtó jókòó sínú oòrùn àárọ̀ ní ẹnu ọ̀nà. “Tíṣà! Ìwọ nìkan?”

“Èmi nìkan, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú àárọ̀, mà.”

“Àbúrò mi ńkọ́? Àbí ẹsẹ̀ tún ń dùn ún?”

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀ dúró lẹ́yìn àga, ó ń mi orí sí mi kíkankíkan pé kí n má sọ. Mo ṣí fìlà mi. Mo rí ojú Ẹ̀gbọ́n tí ó tẹ̀ lé fìlà náà dé ẹ̀gbẹ́ mi, mo sì mọ̀ pé mo lè dákẹ́ síbẹ̀, kí fìlà bá mi sọ ọ́ parí.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni mo wí, “àbúrò yín kú ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, nínú ilé wa. Ó mu ọsàn, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ dùbúlẹ̀, ó kú. Kò rìnrìn àjò.”

Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gba búrẹ́dì náà lọ́wọ́ mi, ó ní kí n jókòó.